M35A2 ológun: bí ó bá sùn ọjọ́ mẹ́ta, kì í fẹ́ sítáàtì mọ́, ó sì ń kú lórí òkè

Àgbẹ̀_Jọ́jíà (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń sin ewúrẹ́ tí mo sì ń gé igi ìdáná tà. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra ọkọ̀ àjàgbé kan níbi gbàǹjo àwọn ẹrù tí iṣẹ́ ológun kò lò mọ́. M35A2 ni, onítáyà mẹ́wàá, tí ilé-iṣẹ́ AM General ṣe ní 1971. Ẹ́ńjìnnì LDT-465 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní multifuel, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó lè jó dísù, kẹ́rósì àti epo ọkọ̀ òfurufú, kódà kí ó lè fi bẹntiróòlù rọ́ra délé bí ogun bá le.

Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì nìyí. Bí mo bá lò ó lónìí, tí mo pa á, tí mo sì tún fẹ́ gbé e jáde lẹ́yìn wákàtí méjì, kíá ni ẹ́ńjìnnì á gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sítáátà á máa yí i títí tí n ó fi máa bẹ̀rù pé ó fẹ́ jóná. Bí ó bá wá gbà nígbẹ̀yìn, á tu èéfín funfun, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Bí mo bá wá di igi lé e, tí mo kọrí sí òkè tó wà láàárín oko mi, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.

Mo ti pààrọ̀ fílítà dísù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ra bàtìrì tuntun méjì. Mo yẹ gbogbo páìpù epo wò láti orí tánkì dé ìdí pọ́ǹpù, kò sí ibi tí epo ti kán sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ku ohun kan tí n kò kà sí: bíréèkì máa ń rì díẹ̀ bí mo bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Rẹwáyà_Ṣómólú

Ẹ kú ìnáwó. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ epo, ẹ jẹ́ kí a mú iná kúrò lọ́nà, nítorí pé bàtìrì tuntun kì í ṣe ẹ̀rí pé iná tó. Fólítì 24 ni ọkọ̀ yẹn ń lò, bàtìrì 12 méjì tí a so tẹ̀léra wọn. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ohun gbogbo bá wà ní pípa, kí ẹ rí bíi 25. Lẹ́yìn náà kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì sítáátà kí ẹ sì máa wo mítà: bí ó bá já wá sísàlẹ̀ 18, ẹ yẹ orí bàtìrì wò, ẹ yẹ wáyà ilẹ̀ tó wọ inú ṣáásí wò, ẹ tú u, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bá pàdé lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ lè ti so rédíò tàbí ṣájà fóònù mọ́ bàtìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, nítorí pé 12 ni nǹkan rẹ̀ ń jẹ. Bàtìrì yẹn ni yóò máa rẹ̀, èkejì yóò sì máa gba iná ju bí ó ti yẹ lọ, tí àwọn méjèèjì á fi bàjẹ́ láìtọ́jọ́. Bí ẹ bá rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde láti àárín wọn, ẹ yọ ọ́.

Àgbẹ̀_Jọ́jíà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: 25.3 nígbà tí ó wà ní pípa, 20.6 nígbà tí sítáátà ń yí. Wáyà rédíò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ, bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so ó! Mo ti yọ ọ́. Sítáátà ń yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì ni kò dá a lóhùn.

Bàbá_Mókólá

Ọmọ mi, o kú ewu ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́ ni mo ti ń tú Mercedes 911 ní Mókólá n'Ìbàdàn, mo sì bá ìgbẹ̀yìn àwọn Bedford tí wọ́n fi ṣe bọ̀lẹ̀kájà. Irú ọkọ̀ tí o rà yìí kò dé ọ̀dọ̀ mi rí, ṣùgbọ́n dísù kì í yí ìwà padà nítorí pé ó wọ ilé sójà. Ohun tí o ròyìn yìí, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo rẹ.

Gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ kí o tún rò. O ní gbogbo páìpù gbẹ, nítorí náà kò sí ibi tó lu. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, ṣé o fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu rí? Bí ihò bá wà lára ọ̀pá yẹn, ṣé omi máa ń kán láti ojú ihò náà? Kì í kán. Afẹ́fẹ́ ni o kàn máa fà sẹ́nu, tí o ó máa fà títí, tí omi kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí epo ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ èyí tí pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ń fà láti iwájú, ibi tó lu kò ní tutù láéláé. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá sùn, afẹ́fẹ́ á gba ojú ihò yẹn wọlé, epo á sì rọra padà sí inú tánkì, ìyẹn ni sítáátà fi ń yí lórí òfo.

Lórí 911, pọ́ǹpù ọwọ́ ni a fi ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde, a ó tú bóòtù orí fílítà, a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde láìní ìfófòó. N kò mọ ibi tí tìrẹ wà. Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o wá hóòsì tó mọ́ gaara, èyí tí ojú lè rí inú rẹ̀, kí o fi í rọ́pò páìpù tó ti ìdí fílítà lọ sí pọ́ǹpù fún ìgbà díẹ̀. Sítáàtì rẹ̀, kí o sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí o bá rí ìfófòó tó ń sáré kọjá, o ti mú olè náà lọ́rùn ọwọ́.

Ọmọ_Pẹ́kíhámù

Bàbá, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìbẹ́pẹ, ó gbé mi padà sí Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n kí bùrọ̀dá tó rí hóòsì rà, kí ni ó burú níbẹ̀ bí ó bá fọ́n ether díẹ̀, oògùn inú agolo tó máa ń tètè gbiná yẹn, sí ẹnu fílítà afẹ́fẹ́? Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo rí àwọn tó ń ṣe é fún ọkọ̀ àtijọ́ láàárọ̀ òtútù, ó sì máa ń gbà lójú ẹsẹ̀.

Sójà_Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́n ohunkóhun síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, M35A2 sì wà lára àwọn tí mo fi kọ́ṣẹ́. Obìnrin ni mí, ọmọ Abẹ́òkúta, nítorí náà kí ẹ má pè mí ní bùrọ̀dá. Ether máa ń bú kí písítọ̀n tó dé òkè, ó lè fọ́ ríǹgì tàbí kí ó fọ́ písítọ̀n fúnra rẹ̀. Fún òtútù, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì yẹn, èyí tó ń fi iná epo mú afẹ́fẹ́ náà gbóná kó tó wọlé. Bí ẹ bá wá fọ́n ether pàdé iná yẹn, ojú ẹni tó fọ́n ọn ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá tọ̀nà pátápátá, mo kàn fẹ́ fi ohun tó jẹ́ ti ọkọ̀ yìí nìkan kún un. M35A2 ní pọ́ǹpù epo méjì. Ọ̀kan wà nínú tánkì gan-an, iná ló ń gbé e, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ti epo kọjá nínú fílítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì wà lára pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì, òun ló ń fà. Nígbà tí ti inú tánkì bá wà láàyè, epo inú páìpù wà lábẹ́ ìtì, ibikíbi tó bá lu yóò tutù. Nígbà tí ó bá kú, ti iwájú á máa dá iṣẹ́ náà ṣe, á máa fa epo gba inú òkú pọ́ǹpù yẹn kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí ẹ ó fi di ẹrù lé e tàbí tí ẹ ó fi gun òkè. Ọ̀pọ̀ ló ń wa ọkọ̀ yìí fún ọdún bíi mélòó kan láìmọ̀ pé pọ́ǹpù tánkì ti kú.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ tan suwíìṣì, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ bọ́tìnì sítáátà. Ẹ gbé ike sábẹ́ fílítà àkọ́kọ́ kí ẹ sì tú kọ́ọ̀kì ìdí rẹ̀. Ẹ má ka èyí tó bá kọ́kọ́ dà, ìyẹn ni ohun tó wà nínú agolo fílítà tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń tẹ̀lé e ni kí ẹ wò: bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, yóò máa tú jáde láìdáwọ́ dúró. Ẹ má sọ pé ẹ ó fetí gbọ́ ọ, nítorí pé fèrè tó ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ bíréèkì kò tó yóò máa ké ní gbogbo àkókò tí suwíìṣì bá wà ní títan tí afẹ́fẹ́ kò sì tíì kún, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín.

Wọ́n kọ gbogbo èyí sínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà, TM 9-2320-361-10 fún awakọ̀ àti TM 9-2320-361-20 fún mẹkáníìkì. Ẹ wá a kà kí ẹ tó gbé sípánà.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì tí ẹ fi ṣe àfikún ní ìsàlẹ̀ yẹn, òun ni ó dẹ́rù bà mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. A ó padà sí i. Títí di ìgbà náà, kí ọkọ̀ yẹn má kúrò níbi tó wà.

Àgbẹ̀_Jọ́jíà (Ọjọ́rú)

Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ àná. Epo tó kọ́kọ́ dà kún ife kan, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀kán, ẹ̀kán náà sì dáwọ́ dúró. Mo fi mítà kan orí wáyà tó wọ inú tánkì: 24.8. Iná dé ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ náà dára. Pọ́ǹpù ló kú.

Tánkì náà ń gba gálọ́ọ̀nù 50, ó sì lé díẹ̀ ní ìlàjì. Ó gbà mí ní odidi òwúrọ̀ láti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo náà sínú jẹrikáànù. Mo tú àwọn bóòtù orí ìdérí rẹ̀, mo sì rọra fa pọ́ǹpù náà jáde. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun kan bo asẹ́ ìdí rẹ̀, ó ń fà, ó ń yọ̀ bí ewédú àná, ṣùgbọ́n ó dúdú bí ọ̀dà títì, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo fi ọwọ́ gbìyànjú láti yí àárín pọ́ǹpù náà, kò mì. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ tánkì, mo rí omi tó tò sí igun kan, tó ń dán lábẹ́ epo.

Mo ti béèrè fún tuntun. Ṣé kí n kàn fọ tánkì náà pẹ̀lú ọṣẹ?

Sójà_Ẹ̀gbá

Kòkòrò àìfojúrí ló ṣe ìdọ̀tí yẹn. Àárín omi àti dísù ni ó ń gbé, omi ló sì ń fún un láyè. Ẹ má lo ọṣẹ. Ẹ fa omi náà tán, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú nù ún, ẹ fi dísù mímọ́ ṣan án ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi oògùn apakòkòrò dísù sí i nígbà tí ẹ bá dá epo padà. Bí ọkọ̀ náà yóò bá máa sùn pẹ́, ẹ jẹ́ kí tánkì rẹ̀ kún, nítorí pé àyè òfo inú tánkì ni ìrì ti ń di omi. Kí ẹ sì máa tú kọ́ọ̀kì fílítà àkọ́kọ́ yẹn díẹ̀ kí ẹ tó wà á, láti mú omi kúrò.

Bàbá_Mókólá

Ọmọ mi, nígbà tí pọ́ǹpù tuntun bá dé, má ṣe yára sítáàtì ọkọ̀. Tan suwíìṣì, kí o jókòó ti páìpù, kí o máa wò. Pọ́ǹpù tó kú kò lè ṣàlàyé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ó ṣì ku ihò kan tí a kò tíì rí.

Àgbẹ̀_Jọ́jíà (ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e)

Bàbá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ojú sì ń tì mí.

Pọ́ǹpù tuntun dé lánàá. Mo dè é, mo dá epo padà, mo tan suwíìṣì, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo jókòó lórí táyà àtijọ́ kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi wò ó kí n tó rí i: ìlà tútù kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára agolo fílítà kẹta. Mo nù ún, ó tún padà wá láti ojú kan náà, lábẹ́ ìdérí.

Mo tú agolo náà. Síìlì rọ́bà tuntun tí mo fi sí i wà níbẹ̀. Mo ti ń múra láti bú ẹni tó tà á fún mi, àfi ìgbà tí mo fi ìka kan inú kòtò tí síìlì ń jókòó sí, tí mo rí i pé ìsàlẹ̀ kòtò náà ń rọ̀. Síìlì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀! Ó ti le, ó ti dúdú bí irin, ó sì lẹ̀ mọ́ kòtò dé bi pé nígbà tí mo ń pààrọ̀ fílítà, mo rò pé ara irin ni. Orí rẹ̀ ni mo gbé tuntun lé. Bẹ́ẹ̀ ni ti èkejì náà rí. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo ṣe dáadáa. Bóyá ọkọ̀ náà ti ń kú lórí òkè kí n tó rà á, nítorí ti pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yìí, èmi fúnra mi ni mo fi owó mi rà á.

Mo fi igi ṣóńṣó ha síìlì àtijọ́ jáde, mo fi tuntun sí i, mo sì lé afẹ́fẹ́ jáde lórí àwọn fílítà títí epo fi ń bọ̀ láìní ìfófòó. Ó ti gbẹ báyìí, gbígbẹ tó nítumọ̀.

Bàbá_Mókólá

Ìyẹn kò ní ìtìjú nínú. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe irú rẹ̀ lórí 911 oníyanrìn kan, a tú nọ́súùlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí a tó yẹ síìlì wò.

Sójà_Ẹ̀gbá

Ó dára. Ó kan bíréèkì wàyí.

Bíréèkì M35A2, omi àti afẹ́fẹ́ ni ó jọ ń gbé e. Ẹsẹ̀ yín ń ti omi bíréèkì, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní air pack sì ń fi afẹ́fẹ́ kún agbára rẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé máásítà sílíńdà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ yín fi ń ti omi, àti ọ̀nà omi kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ òde òní pín in sí méjì, kí apá kan lè mú un bí èkejì bá tú. Lórí èyí, bí síìlì kékeré kan bá já ní ìdí táyà ẹ̀yìn, bíréèkì gbogbo ọkọ̀ náà ti lọ, ẹ ó sì jókòó lórí irin tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà, yàtọ̀ sí igi tí ẹ dì. Bíréèkì ọwọ́ ni yóò kù, ẹyọ dúrọ́ọ̀mù kan péré ni ó sì ń dì mú lẹ́yìn àpótí jíà kejì (transfer case). Bíréèkì tó rì nígbà àkọ́kọ́ tó gbà ní ẹ̀ẹ̀kejì, bóyá ó fẹ́ kí a ṣètò bàtà bíréèkì rẹ̀, ìyẹn irin tó ń tẹ ara dúrọ́ọ̀mù, bóyá omi ń jò. Ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi tú táyà.

Kí ẹ tó gbé sípánà: ẹsẹ̀ apá òsì ọkọ̀ yìí, òdìkejì ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń yí. Ẹ wo lẹ́tà L lórí bóòtù. Mo ti rí ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró lórí ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀tì le, tí wọ́n rò pé àwọn ń tú u, títí bóòtù fi já.

Ọmọ_Pẹ́kíhámù

Àǹtí, irú omi bíréèkì wo ni kí ó rà? DOT 3 ni mo mọ̀ tí wọ́n ń tà níbi gbogbo.

Sójà_Ẹ̀gbá

Kí ó wo èyí tó wà nínú rẹ̀ ná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ológun ti gbé irú ọkọ̀ wọ̀nyí lọ sórí DOT 5, èyí tó jẹ́ silicone, tí kì í fa omi mọ́ra bí ó ti wù kí ọkọ̀ sùn pẹ́ tó. Àwọ̀ elésè àlùkò ni. A kì í da òun àti DOT 3 pọ̀. Bí ẹni tó ní ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ bá ti da DOT 3 sí i, kí ó fọ gbogbo rẹ̀ jáde, kí ó sì lo ẹyọ kan.

Àgbẹ̀_Jọ́jíà (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo tú ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní apá òsì lẹ́yìn pátápátá, nígbà tí mo ká etí rọ́bà sílíńdà táyà sókè, omi elésè àlùkò ṣàn lé mi lọ́wọ́, ó sì ti mu bàtà bíréèkì náà yó. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀mù ló ń gbá jọ sí, kò kán sílẹ̀ rí. Mo pààrọ̀ sílíńdà táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo pààrọ̀ bàtà ẹsẹ̀ yẹn, mo fi DOT 5 sí i, mo sì ṣètò gbogbo bàtà. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń mú un báyìí.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà lórí jáàkì. Ní àárọ̀ òní mo tan suwíìṣì, mo ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá kí epo lè kún, mo tẹ bọ́tìnì. Kò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kí ó tó gbà. Mo di igi kún un, mo fi jíà kẹta gun òkè náà, ó sì kọjá orí rẹ̀ láìkú.

Sójà_Ẹ̀gbá

Ẹ kú oríire. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà le lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ yìí, lónìí gan-an, kí ó má di ọ̀la. Lórí àwọn ẹsẹ̀ onítáyà méjì tó wà lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ dẹ̀, kí ẹ fún ti inú le, kí ẹ tó dá ti ìta padà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kàn fún ti ìta le, ti inú lè ti dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.